Àpótí omi òkun nínú ògiri pálọ̀ l'Ékìtì: ẹ̀yìn ògiri ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Láti ara òkìtì ni àwọn àgbà ní orúkọ Èkìtì ti jáde, nítorí òkè tó yí wa ká. Òkìtì mìíràn wà nínú òkun, tí ẹran kéékèèké, tí púpọ̀ nínú wọn kò ju orí ìṣáná lọ, fi egungun ara wọn tò jọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Iyùn ni ẹran náà. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tí ẹ ń rí lọ́rùn ọba wa àti lọ́rùn ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó, egungun irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n tó lu ihò sí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí iyùn tó ṣì wà láàyè, tó ń na ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sínú omi, mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti fà sí i pé kí ó wà nínú ògiri pálọ̀ mi l'Adó.

Ó ti wà níbẹ̀ báyìí. Àpótí gíláàsì tí iyùn àti ẹja òkun ń gbé nínú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ńtímítà 180, ó fẹ̀ ní 60, ó ga ní 60. Ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 2 sí 2 ni oníṣẹ́ gíláàsì máa pè é. Àlejò tó bá wọlé, ojú yẹn nìkan ló máa rí, bíi fèrèsé tó ṣí sí òkun. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ wà: yàrá tóóró, páìpù, pọ́ǹpù, bátìrì, dúrọ́ọ̀mù omi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra gíláàsì, tó wá ń wá ibi tí ẹ̀yìn máa gbà, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa náwó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ àti ògiri

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìwúwo rẹ̀ ná. 180 lọ́nà 60 lọ́nà 60, lítà 648 nìyẹn. Lítà omi òkun kan wúwo ju kílò kan lọ díẹ̀, nítorí náà omi nìkan ti tó kílò 664. Gíláàsì onímílímítà 15 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 150. Ẹ fi òkúta àti iyanrìn lé e, ó ti kọjá kílò 900. Bí ìgbà tí ẹ to àpò ìrẹsì oníkílò 50 méjìdínlógún sójú kan ni, tí ẹ ò sì ní gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ilé ilẹ̀ tí German floor rẹ̀ dúró dáadáa lè gbé e. Tó bá jẹ́ ilé òkè, ẹ má dán an wò àfi tí ẹnjiníà bá wo píláà àti bíìmù rẹ̀ fún yín. Ohun kan tún wà tó kan ilé àwọn bàbá wa: ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ l'Ékìtì, amọ̀ ni ògiri wọn, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n kàn fi rẹ́ ẹ lójú. Ẹ họ igun kan wò. Tí amọ̀ pupa bá jáde, ẹ má gé ògiri yẹn. Ẹ fi ògiri blọ́ọ̀kù tuntun pín pálọ̀ náà, kí ẹ wá ṣí ojú àpótí sára ìyẹn.

Tí ògiri bá jẹ́ blọ́ọ̀kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi igi ti òkè rẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Lẹ́yìn náà kí wọ́n da líńtẹ́lì tó ní irin sórí ihò náà, kí etí rẹ̀ jókòó sórí blọ́ọ̀kù lọ́tùn-ún lósì, kí ó sì gbẹ fún ọ̀sẹ̀ 3 kí wọ́n tó yọ igi. Ògiri kò gbọdọ̀ jókòó lé gíláàsì, gíláàsì náà kò sì gbọdọ̀ fara ti ògiri. Ẹ fi àyè ìka kan sílẹ̀ yí i ká. Férémù tí kápẹ́ńtà máa ṣe síwájú ló máa bo àyè yẹn.

Blọ́ọ̀kù onínáìnì-ínṣì tí wọ́n rọ kọnkéré kún inú rẹ̀ ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ àpótí náà, ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n da pẹpẹ kọnkéré onírin lé lórí. Wẹ́dà sọ pé òun lè fi irin ṣe é, ó sì lè ṣe é lóòótọ́, àmọ́ iyọ̀ ń jẹ irin. Pẹpẹ yẹn gbọ́dọ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Bíríkìlà tó bá mi ṣe é kò gbé ẹ̀rọ kankan wá. Rọ́bà gbọọrọ kan tí ojú rẹ̀ mọ́ gaara, tí omi kún inú rẹ̀, ló mú jáde. Ó di etí kan mú, ó ní kí n di ìkejì mú ní òdìkejì pẹpẹ. "Ọ̀gá, ẹ má wo ojú mi o, omi yẹn ni kí ẹ máa wò." Omi náà ń jó sókè sódò nínú rọ́bà, nígbà tó yá ó dákẹ́. Ti ọ̀dọ̀ mi fi sísanra owó kọ́ìnì kan lọ sílẹ̀. Ó tú ojú kọnkéré náà, ó tún un rẹ́ kí ó tó gbẹ. Ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ló máa ń fa gíláàsì ya, torí igun kan ni gbogbo ìwúwo máa lọ dì mọ́. Kí wọ́n tó gbé gíláàsì lé e, ẹ tẹ́ fóòmù funfun líle sábẹ́ rẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ fẹ̀ dín sí sẹ̀ńtímítà 90, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Láti orí gíláàsì dé abẹ́ líńtẹ́lì, ẹ fi ó kéré tán sẹ̀ńtímítà 50 sílẹ̀ kí ọwọ́ lè wọlé. Ẹ lẹ táìlì mọ́ ògiri àti ilẹ̀, kí ilẹ̀ dà sí ọ̀nà omi kan. Ẹ gbé fáànù tó ń fa atẹ́gùn jáde sí ògiri ìta, torí ooru omi iyọ̀ tí kò bá rọ́nà jáde máa bó ọ̀dà ilé, á sì mú kí sílìn hu èébu.

Gíláàsì

Gíláàsì lásán ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi iná le, torí èyí tí wọ́n fi iná le máa fọ́ wẹ́wẹ́ tí wọ́n bá fi dírììlì kàn án. Onímílímítà 15 tó gíga 60 yìí, pẹ̀lú ọ̀já gíláàsì yíká etí rẹ̀ lókè. Sílíkọ̀n tó ń rùn bíi fínígà ni kí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ má ra irú tí wọ́n kọ "anti-mould" sí lára, torí oògùn inú rẹ̀ ń pa ẹran omi. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí ẹ pọn omi lásán kún un níta gbangba, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 3. Tó bá jò, ìta ni kí ó ti jò.

Páìpù, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná bá lọ

Omi àpótí òkè máa ń ṣàn bọ́ sí táǹkì kejì nílẹ̀ yàrá ẹ̀yìn, pọ́ǹpù á sì tún gbé e padà sókè. Táǹkì ìsàlẹ̀ yìí ni ẹ máa kó gbogbo ẹ̀rọ sí kí wọ́n má bàa hàn: àpò tó ń sẹ́ ìdọ̀tí, protein skimmer tó ń fi ìfófó gbé ọ̀rá àti ìgbẹ́ ẹja jáde, àti pọ́ǹpù náà fúnra rẹ̀. Pọ́ǹpù tó lè gbé lítà 2,000 sí 3,000 ní wákàtí kan tó fún ìwọ̀n yìí.

Páìpù mẹ́ta ni kí omi máa gbà sọ̀kalẹ̀. Àkọ́kọ́ ń fa omi lójú méjèèjì láìsí atẹ́gùn nínú rẹ̀, ẹ fi fáàfù ṣí i níwọ̀nba. Ìkejì ń gba ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́kù. Ẹ̀kẹta ga ju àwọn méjì yẹn lọ, gbígbẹ ló máa ń wà. Ọjọ́ tí ìgbín òkun inú àpótí bá dí àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta ni kò ní jẹ́ kí pálọ̀ kún fún omi. Àwọn kan máa ń yọ ẹ̀kẹta sílẹ̀ kí owó lè dín. Èmi kò ní yọ ọ́ láéláé.

Ó wá ku ìṣírò tí ẹni tó ń gbé lórílẹ̀-èdè yìí kò gbọdọ̀ fò. Nígbà tí iná bá lọ, pọ́ǹpù á dákẹ́, omi òkè á sì máa ṣàn padà gba inú páìpù títí ẹnu páìpù yóò fi yọ sí atẹ́gùn. Sẹ̀ńtímítà kan lójú àpótí yìí tó lítà 10.8. Tí ẹnu páìpù tó ń gbé omi wọlé bá rì ní sẹ̀ńtímítà 5, lítà 54 máa padà sílẹ̀. Táǹkì ìsàlẹ̀ tèmi gùn ní 120, ó fẹ̀ ní 45, ó ga ní 45, lítà 243 nìyẹn, n kì í sì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ kọjá 160. Ẹ lu ihò kékeré sára páìpù ìgbéwọlé díẹ̀ sábẹ́ ojú omi kí atẹ́gùn lè tètè já a, kí ẹ máa fi ìgbálẹ̀ kan gún ihò náà lóṣooṣù. Lẹ́yìn náà, ẹ pa pọ́ǹpù fúnra yín nígbà mẹ́wàá, kí ẹ dúró tì í. Ibi tí omi dúró sí nínú táǹkì ìsàlẹ̀, ẹ fi máákà fa ìlà síbẹ̀.

Ike ni gbogbo páìpù àti fáàfù gbọ́dọ̀ jẹ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tèmi, ẹni tó so páìpù lo géètì fáàfù onídẹ níbì kan ṣoṣo, n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìgbín bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lára gíláàsì, ẹsẹ̀ wọn rọ. Iyùn di ojú pọ̀, wọn ò ṣí mọ́. Ẹja nìkan ló ń jẹun bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe. Idẹ ní bàbà nínú, omi iyọ̀ ń yọ bàbà náà díẹ̀díẹ̀, bàbà sì ni májèlé iyùn, ọ̀kàsà àti ìgbín. Mo da gbogbo omi nù. Ìgbín mọ́kànlá ni mo ṣà nílẹ̀ iyanrìn lọ́jọ́ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń mú wọn.

Iná

Ẹ kọ wáàtì ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Tèmi rèé: pọ́ǹpù ìgbéwọlé 50, pọ́ǹpù méjì tó ń ru omi bí ìgbì 40, skimmer 25. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 115, tọ̀sán-tòru. Iná tó ń tàn sórí iyùn jẹ́ 250, fún wákàtí 8.

Bí iná bá lọ pẹ́, afẹ́fẹ́ inú omi ló máa kọ́kọ́ tán, ẹja á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹnu sókè láàárín wákàtí díẹ̀. Nítorí náà pọ́ǹpù ìgbì kan ṣoṣo, wáàtì 20, ni ẹ gbọ́dọ̀ dáàbò bò ju gbogbo ìyókù lọ. Bátìrì 12 fóòtì, 200 áńpíà-wákàtí, ní wáàtì-wákàtí 2,400. Tó bá jẹ́ èyí tó ní omi ásíìdì, ẹ lo ìdajì rẹ̀ péré kí ó má bàa bàjẹ́. Ìdajì yẹn á gbé pọ́ǹpù 20 wáàtì fún nǹkan bí ọjọ́ 2. Ẹ fi wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ dá a sí ínfátà, kí ẹnikẹ́ni má lè fi áyọ́ọ̀nù jẹ ẹ́ tán.

Bí ẹ bá ní sólà, ẹ ṣètò iná iyùn kí ó máa tàn láti aago 10 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́. Oòrùn tó wà lórí òrùlé ni yóò tan iná tó wà lórí iyùn, bátìrì yín á sì sinmi fún alẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ fèrèsé yàrá ẹ̀yìn. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn, kì í ṣe ẹja nìkan. Kí oníná fi bírékà tó ń já fúnra rẹ̀ tí iná bá kan omi sí i, kí áàtì ilé yín jẹ́ òótọ́, kí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ga ju ojú omi lọ, kí wáyà kọ̀ọ̀kan sì rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gòkè lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi lè kán sílẹ̀ níbi tó ti rọ̀.

Omi

Omi bòòhóòlù wa dùn ún mu, ṣùgbọ́n ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ láti ara òkúta pọ̀ jù fún iyùn. Omi òjò tó gba orí páànù kọjá ti kó irin. Ọ̀rẹ́ kan bi mí bóyá a kò ní lọ pọn omi Ìkògòsí. Omi yẹn lẹ́wà níbi tí gbígbóná àti tútù ti pàdé, ẹ jẹ́ kí ó máa ṣàn níbẹ̀. Omi tó gba ẹ̀rọ RO/DI, èyí tó ń sẹ́ ohun tó yọ́ sínú omi kúrò, nìkan ni kí ẹ lò, títí ohun tó ń wọn ìdọ̀tí yíyọ́ yóò fi kà á sí 0.

Ibi tó ti máa ń kọ́ wa lẹ́sẹ̀ ni agbára omi. Ẹ̀rọ RO ń fẹ́ nǹkan bíi báà 4 (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì). Táǹkì òkè tó ga ní mítà 5 kò fún un ju ìdajì báà kan lọ, ìdí nìyẹn tí omi fi máa ń kán tó-tó-tó. Ẹ ra pọ́ǹpù kékeré tó ń tì í. Lítà 3 lè ṣòfò kí ẹ tó rí lítà 1 tó mọ́, ẹ fi páìpù darí èyí tó ṣòfò sí dúrọ́ọ̀mù ìfọṣọ.

Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún òkìtì iyùn ni kí ẹ rà, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Ẹ má sì gbé omi etíkun Èkó wá: ọ̀sà àti ìdọ̀tí ìlú ti dà á rú. Nǹkan bíi gíráàmù 36 sí lítà kan ló máa ń gbà, tí àpapọ̀ omi yín bá jẹ́ lítà 750, kílò 27 nìyẹn. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà, kí ẹ wá máa bu iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kí pọ́ǹpù rò ó pọ̀ di ọjọ́ kejì. Refractometer yín, ohun tó ń wọn iyọ̀ inú omi, gbọ́dọ̀ ka 35, tàbí 1.026.

Dígírì 25 sí 27 ni kí omi wà. Tó bá ń kọjá 29, iyùn á tú ewéko tíntìntín tó ń bá a gbé nínú ara rẹ̀ dà nù, á wá funfun bí egungun. Oṣù Ẹrẹ́nà l'Adó kò ṣe é fi ṣeré. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi táǹkì ìsàlẹ̀ lè sọ ọ́ kalẹ̀ ní dígírì 2 sí 3, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù nígbà ọyẹ́ tí atẹ́gùn gbẹ. Nígbà òjò agbára rẹ̀ ń dín kù, kí ẹ ní chiller, ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù, tàbí éésì nítòsí. Omi tí fáànù fẹ́ lọ, omi RO lásán ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, torí iyọ̀ kì í fò lọ. Nígbà ọyẹ́, tèmi ń mu tó lítà 10 lóòjọ́.

Òkúta, iyanrìn, àti sùúrù

Òkúta dúdú ẹ̀yìnkùlé wa le jù, kò ní ihò nínú. Òkúta òkun gbígbẹ tó fúyẹ́, tó ní ihò bíi búrẹ́dì, ni ẹ ń wá, nítorí inú ihò yẹn ni kòkòrò tó ń fọ omi máa gbé. Bíi kílò 50 tó. Ẹ tò ó lé gíláàsì ìsàlẹ̀ kí ẹ tó da iyanrìn òkun tí wọ́n ń pè ní aragonite yí i ká ní sẹ̀ńtímítà 3 sí 5. Tó bá jẹ́ orí iyanrìn lẹ tò ó sí, ẹja tó ń walẹ̀ máa wà á wó. Ẹ fi àyè ìbú ọwọ́ sílẹ̀ láàárín òkúta àti gíláàsì.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ammonia, májèlé tó máa ń jáde láti inú ìgbẹ́ ẹja, sí i títí yóò fi ka mílígíráàmù 2 sí lítà kan, kí ẹ da kòkòrò tó ń fọ omi, èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò, sí i, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ méjì-méjì. Ammonia á di nitrite, nitrite á di nitrate. Ìgbà tí méjì àkọ́kọ́ bá dé 0, tí wọ́n sì dúró síbẹ̀, ló tó ṣe tán. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ló sábà máa ń gbà. Eruku kan á bo gbogbo rẹ̀ bíi lẹ́búlẹ́bú kòkó. Ẹ má fòyà, yóò lọ.

Ẹja àti iyùn

Òkun India àti Pàsífíìkì ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, Èkó ni wọ́n ń balẹ̀ sí. Òru ni kí ẹ gbé wọn wá sílé, nínú kúlà, kí oòrùn má bàa pa wọ́n lójú ọ̀nà. Iyùn olókùúta, irú tó ń kọ́ egungun, wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títà ẹran àti ewéko igbó, ẹ béèrè ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹja tuntun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá gbé nínú àpótí kékeré fún ọ̀sẹ̀ 4, torí àrùn tó ń sín ara wọn ní funfun bí ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀. Oògùn oníbàbà, inú àpótí kékeré yẹn nìkan ló mọ.

Clownfish méjì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, chromis tàbí goby. Yellow tang ń fẹ́ gígùn tó máa fi sáré, ẹsẹ̀ bàtà 6 yìí gbà á, ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn ni kí ó wọlé torí ó ń jà fún àyè.

Nínú iyùn, ẹ fi èyí tí ara rẹ̀ rọ̀ ṣáájú: leather, mushroom, Kenya tree. Zoanthid náà rọrùn, àwọ̀ rẹ̀ sì dára bí aṣọ òkè, àmọ́ àwọn kan nínú wọn ní palytoxin, májèlé tó lè pa ènìyàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Ẹ má se òkúta tó wà lára rẹ̀ nínú omi gbígbóná láé, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ họ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ kọ èyí sára ògiri yàrá ẹ̀yìn, kí ọmọ ọ̀dọ̀ náà lè kà á.

Ìyókù jẹ́ iṣẹ́ Sátidé: ẹ pààrọ̀ omi bíi lítà 70, ẹ da ìfófó inú skimmer nù, ẹ fọ gíláàsì. Kí alkalinity, èyí tí kì í jẹ́ kí omi kan, wà ní 8 sí 9 dKH, kí calcium súnmọ́ 420, kí magnesium wà ní nǹkan bíi 1,300, mílígíráàmù sí lítà kan ni méjèèjì. Bí iyùn olókùúta bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ egungun, calcium àti alkalinity yìí ni yóò máa jẹ, ẹ ó sì máa dá a padà lójoojúmọ́.

Tí leather bá ti ga tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ lè gé e. Sísọ́ọ̀sì tó mú ni mo ń lò. Màá fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so èyí tí mo gé mọ́ òkúta kékeré, màá fi í síbi tí ìgbì kò ti le títí yóò fi fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Tó bá jẹ́ olókùúta, gúlúù super glue oníkíkì ló ń mú un. Lẹ́yìn bí oṣù kan, tí ẹ bá fẹ́ fún ẹlòmíràn, ẹ di í sínú ọ̀rá méjì pẹ̀lú omi àpótí yín, ẹ gbé e sínú kúlà. Láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́ kò jìnnà, tí ẹ bá gbé e kúrò nílé ní ìdájí, yóò ti ṣí ọwọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.